Níbo Ni Ìyá Rẹ̀ Wà?

Ọjọ́ kẹrin tí a gbé ọmọ ajá náà dé ilé wa ní Command ni ó kọ oúnjẹ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo kọ́ńpáǹdì. Ọjọ́ keje la sin ín sí ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ igi máńgòrò. Odindi ọjọ́ kan ni àwọn ọmọ ò fi bá wa sọ̀rọ̀, àfi bíi pé àwa la pa á. Ká sòótọ́, ọwọ́ wa náà ò mọ́ nínú ikú yẹn.

Ìdí tí a fi wá ajá kò le rárá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni olè fo fẹ́ǹsì wa láàárín oṣù mẹ́ta. Wọ́n kọ́kọ́ gbé bátìrì ínfátà, wọ́n tún padà wá gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi. Bàbá kan ládùúgbò ní, "Ẹ wá ajá gidi, ajá tí olè máa rí tí á yí padà." Òun la gbé sọ́kàn. Ní Sátidé kan, a rí ọkùnrin kan lẹ́bàá títì tó kó àwọn ọmọ ajá sínú páálí, tó wá gbé ọ̀kan dání, tó ń nà án sí àwọn ọlọ́kọ̀.

"Mummy, Daddy, German Shepherd pọ́ńbélé ni o! Ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́."

Ó fa káàdì kan yọ, báírò ni wọ́n fi kọ ọ́. Kò sí orúkọ dókítà, kò sí òǹtẹ̀, kò sí sítíkà tí wọ́n máa ń já lára ìgò abẹ́rẹ́. A ná an títí ó fi gba ₦70,000, a wọ kẹ̀kẹ́, inú wa ń dùn pé a rajà ní pọ́ọ́kú. Kò sẹ́ni tó bi í nínú àwa méjèèjì pé ibo ni ìyá ajá náà wà.

Dókítà ẹranko tí a gbé e lọ bá kò bú wa. Ó ní parvo ni. Ọdún 1978 ni àwọn onímọ̀ dá àrùn yìí mọ̀ lára ajá, kò sì pẹ́ rárá tó fi kárí ayé. Ó ṣàlàyé pé ó sábà máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta sí méje kí àrùn náà tó fojú hàn lẹ́yìn tó bá ti wọlé, nígbà mìíràn ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. A ka ọjọ́ lórí ìka. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé àrùn ti wà lára ajá yẹn nínú páálí. Bí wọ́n bá kó ọmọ ìyá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ sójú kan, tí ẹyọ kan ń ṣàìsàn, gbogbo wọn ló wọ gbèsè.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ló wá yà wá lẹ́nu jù. Wàrà àkọ́kọ́ tí ọmọ ajá bá mu lára ìyá rẹ̀ ní ààbò nínú, ààbò yìí kan náà ló sì lè sọ abẹ́rẹ́ àjẹsára di òfo tí wọ́n bá tètè gún un. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tí wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra wọn, títí ọmọ ajá á fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi náà máa ń dúró dìgbà tó bá pé nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Èyí tí a rà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Báwo ló ṣe wá gba "gbogbo abẹ́rẹ́"? Irọ́ ti wà nínú gbólóhùn yẹn, àwa la ò gbọ́ ọ.

Dókítà ní ká má tíì gbé ọmọ ajá mìíràn wálé. Kòkòrò parvo lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó lè tó ọdún kan. Bílíìṣì máa ń pa á lórí sìmẹ́ńtì, ṣùgbọ́n ti iyẹ̀pẹ̀ ṣòro. Bí ìdúró ṣe di dandan fún wa nìyẹn, ìdúró yẹn ló sì jẹ́ ká kẹ́kọ̀ọ́.

Ṣé ẹ rí i, láyé àwọn bàbá wa, bí ìdílé kan bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó fún ọmọ wọn, wọ́n á kọ́kọ́ ṣèwádìí. Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀ níbẹ̀? Ṣé kò sí wèrè? Irú èèyàn wo ni ìyá? Alárinà á lọ, á bọ̀. Àwa wá mú ẹ̀dá tí yóò máa bá àwọn ọmọ wa sáré ní ọgbà, a ò ṣèwádìí kankan.

Ajá ńlá sì tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Nínú irú ajá bíi German Shepherd, Rottweiler àti Boerboel, àìsàn ìbàdí kan wà tí kì í jẹ́ kí orí egungun itan jókòó dáadáa nínú ihò rẹ̀. Àjogúnbá ló sábà máa ń jẹ́. Ọmọ ajá lè máa jó ní oṣù méjì, kó di ọdún méjì kó má lè dìde nílẹ̀ mọ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ OFA tó ń yẹ egungun ajá wò kì í fúnni níwèé ìbàdí àṣekágbá àfi tí ajá bá pé oṣù 24. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá jẹ́ kí akọ gun ajá tí kò tíì pé ọdún kan, kò mọ ohun tó ń tà. Oúnjẹ náà ńkọ́? A rò pé ká máa fún un ní kálísíọ̀mù kó lè tóbi kíákíá. Dókítà ní ká má dán an wò, pé àsanjù àti àpọ̀jù kálísíọ̀mù máa ń ba egungun ajá ńlá tó ń dàgbà jẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tó yá, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ẹni àkọ́kọ́, fọ́tò nìkan ló ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. A ní ká rí ìyá rẹ̀, ó ní ìyá wà ní Ìbàdàn. A ní a máa lọ sí Ìbàdàn. Ó blọ́ọ̀kì wa.

Ẹnì kejì wà lọ́nà Ayọ̀bọ́. Òun jẹ́ ká rí ìyá lóòótọ́. Kéèjì tó há gádígádí ló wà, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, ọmú rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ọkùnrin náà fi yangàn fún wa pé ó ti bímọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yẹn. Àwọn ọmọ rẹ̀ rẹwà, owó wọn ò sì wọ́n. Ọ̀kan nínú wa ti ń ka owó. Èkejì dì í lọ́wọ́ mú. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín, ó dùn wá láti fi àwọn ọmọ ajá yẹn sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá sanwó, àánú wa ló máa ra oyún tó kàn. A wọ kòròpé padà sílé, a ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Command.

Ẹnì kẹta, ìyá kan ni lápá Ìgàndò, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń sin Boerboel, ajá àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ South Africa. A rò pé àwa la máa bi í ní ìbéèrè. Òun ló bi wá.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Ta ló máa máa fún un lóúnjẹ? Ṣé ẹ fẹ́ so ó mọ́lẹ̀ ni? Báwo ni fẹ́ǹsì yín ṣe ga tó? Ajá tó kú yẹn, ìgbà wo ló kú?"

A dáhùn bí ọmọ ilé-ìwé. Ó pe ìyá ajá náà jáde. Ajá ńlá aláwọ̀ ilẹ̀ pupa náà rìn wá jẹ́jẹ́, ó gbóòórùn ọwọ́ wa, ó sì dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀ olówó rẹ̀. Ìyá náà fi fọ́tò egungun ìbàdí rẹ̀ hàn wá, ó ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni òun ń jẹ́ kó bímọ, pé ọmọ kan kì í kúrò lọ́dọ̀ òun kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àti pé bí agbára wa ò bá gbé e mọ́, ọ̀dọ̀ òun la gbọ́dọ̀ dá a padà sí. ₦250,000 ni. A ní a ti ṣetán.

"Ẹ ò tíì ṣetán," ló wí. "Olè lẹ ń wá ajá fún. Ajá oṣù méjì ò lè lé olè o jàre, á tó ọdún kan ààbọ̀ sí méjì kó tó gbó. Ẹ lọ tún fẹ́ǹsì ṣe, ẹ gbé iná sẹ́yìn ilé. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ ajá lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà wá."

Inú bí wa. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ tí ọlọ́jà lóun ò tà, ṣé kò níí bínú ni? Ṣùgbọ́n a tún fẹ́ǹsì ṣe, a gbé iná sí i. Olè ò tíì padà wá. Àwọn ọmọ wá bi wá pé, "Ṣé a ṣì ń ra ajá?" A wo ara wa, a sì rí i pé a ṣì fẹ́ ẹ, kì í ṣe nítorí olè mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ya fọ́tò fẹ́ǹsì náà, a fi ránṣẹ́ sí ìyá yẹn. Ó pẹ́ kó tó fèsì.

"Ó dáa. Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ wá kí ìyá rẹ̀. Ó ti lóyún."