Láti Gwagwalada dé Wuse: Bí Yánmọtí Ṣe Ń Gba Ìwé Ìrìnnà

Oníbàárà kan ní Jámánì ló fẹ́ ra yánmọtí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Kí ó tó dá ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀, ó ti fi ìwé ránṣẹ́, ó to gbogbo ohun tí àwọn aṣọ́bodè ọ̀dọ̀ wọn máa béèrè síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kà á tán, ó ní kí n sin òun lọ sí Àbújá, níbi tí àwọn tó ń fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. A wọkọ̀ ní Ìbàdàn.

A kọjá Lọ́kọ́jà, a kọjá Abaji àti Kwali, a sọ̀ ní Gwagwalada. Ibẹ̀ ni sítọ́ò tí yánmọtí tí a fẹ́ rà wà. Láti Nasarawa ni wọ́n ti kó o wá. Ọkùnrin tí a bẹ̀ pé kó bá wa yẹ ọjà wò ti dé ṣáájú wa. Ó ki irin ṣóńṣó oníhò bọ àpò lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, ó da ohun tó bá irin jáde sórí ìwé funfun, ó wá ń fi ìka tú u ká. Yanrìn wà níbẹ̀. Ìgbẹ́ eku wà níbẹ̀. Ó ní, "Àlájà, ẹ wò ó, ibi tí salmonella ti ń wá nìyí. Àwọn ará Yúróòpù kì í fi èyí ṣeré lórí yánmọtí Nàìjíríà." Ó tún bi onísítọ́ò pé oògùn wo ló fín sí i. Onísítọ́ò kò tètè dáhùn.

Gbogbo wa la mọ ìdí ìbéèrè yẹn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà nítorí dichlorvos, oògùn tí ará ọjà mọ̀ sí Sniper. Ìwọ̀n tí òfin wọn gbà kò ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó dé 4.6. Ìlọ́po 460 nìyẹn. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ dá, wọ́n sì ń sún un síwájú léraléra. Ohun tó dùn mí jù ni pé àgbẹ̀ tí kò fọwọ́ kan Sniper rí náà fara gbá a. Bẹ́ẹ̀, àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS wà: tí a bá di ẹnu rẹ̀ pinpin, afẹ́fẹ́ á tán nínú rẹ̀, kòkòrò á kú láìsí oògùn.

Lọ́jọ́ kejì, a wọ ìlú, ó di Wuse II, lọ́dọ̀ NEPC, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976 fún ọ̀rọ̀ ọjà tó ń lọ sókè òkun. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kò gbọdọ̀ kó ọjà jáde. Báńkì ló kàn, fún fọ́ọ̀mù NXP, kí owó ọjà lè padà wálé. Pákó tí wọ́n ń to àpò lé pàápàá ní òfin tirẹ̀: inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná dé 56°C fún ìṣẹ́jú 30 gbáko, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i lára.

Ọ̀dọ̀ NAQS, tó ń ṣọ́ àrùn ohun ọ̀gbìn àti ẹran, la pẹ́ sí jù. Òṣìṣẹ́ kan tẹ́ àpẹẹrẹ ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn síwájú wa, èyí tó ti inú àdéhùn àgbáyé ọdún 1951 wá. Àyè orúkọ irúgbìn wà níbẹ̀, *Sesamum indicum*, àti ibi tó ti hù, iye àpò àti àmì ara wọn. Nísàlẹ̀ ni àyè ìtọ́jú: oògùn wo, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n lò ó, bó ṣe pẹ́ tó, bí ó ṣe gbóná tó. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka lé ibẹ̀.

"Tí onísítọ́ò bá wá purọ́ fún mi ńkọ́?"

"Àlájà, láàbù àwọn ará Yúróòpù á bá oògùn náà nínú ọjà. Orúkọ Nàìjíríà ló sì wà lórí ìwé yìí."

A kò ra ẹrù Gwagwalada yẹn. Inú ọkọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti pe àwọn àgbẹ̀ ní Nasarawa, ó ní kí wọ́n máa sá yánmọtí sórí tàpólì dípò ilẹ̀ lásán, kí ẹnikẹ́ni má fín oògùn sí i, òun á sì fi owó kún iye àpò kọ̀ọ̀kan. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ìwé ẹ̀rí kì í fọ ọjà tó ti dọ̀tí. Ohun tí a ṣe lóko àti ní sítọ́ò ló ń sọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọlọ́jà, iṣẹ́ yín nìyí: ẹ fi owó kún ti àgbẹ̀ tí ọjà rẹ̀ mọ́, ẹ má sì gba ti oníSniper rárá.