Òmùwẹ̀ Ní Ń Bómi Lọ

Ẹ̀yin ará wa ní Minna! Tójò bá ti ń rọ̀ báyìí, mo máa ń gbọ́ táwọn ọmọ wa ní Kure ń pète àtilọ wo omi Gurara. Píọ́ wọ́tà àti bisikíìtì ni gbogbo ìmúrasílẹ̀. Tí mo bá bèèrè ẹni tó mọ odò láàárín wọn, wọ́n á ní, "Mọ́mì, kò séwu!"

Ẹ rántí Mungo Park. Ìpínlẹ̀ wa yìí ló kú sí, ní Bussa, ní 1806. Ó ti rìnrìn àjò àkọ́kọ́, ó bọ̀ láyọ̀, ọkàn ẹ̀ wá balẹ̀ jù. Ní 1805, ó kó òyìnbó bí 40 kúrò ní Gambia nígbà tójò kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. Ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn pa ọ̀pọ̀ wọn kí wọ́n tó dé Odò Ọya. Ìbọn wà, owó wà. Àsìkò ni kò wò.

Gurara dára lóòótọ́. Ẹ lọ, àmọ́ ẹ má wọ odò lójò, ẹ mú ọmọ ibẹ̀ dání, kẹ́ ẹ sì sọ fún ará ilé. A fẹ́ rí yín lọ́jà lọ́jọ́ kejì.