Àdàpè Ègún

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ-ń-fẹ́wọ́, àdàpè olè ni. Òwe yìí ni mo rántí ní ọjọ́ tí mo dájọ́ láàárín ọmọkùnrin méjì nínú kíláàsì mi, tí n kò sì dá a re.

Àwọn méjèèjì ń gbé tábìlì, ó sì já lù wọ́n lẹ́sẹ̀. Èkíní kígbe pé, “Damn!” Èkejì kígbe pé, “Darn!” Mo ní kí èkíní lọ ro ẹ̀yìn kíláàsì, nítorí pé ègún ni ó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Mo ní kí èkejì máa lọ. Ẹni tí mo fi ìyà jẹ dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwa méjèèjì sọ.”

N kò rí èsì fún un. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣí ìwé atúmọ̀-èdè. Òtítọ́ ni ọmọ náà sọ. “Damn” tí a yí lórí ahọ́n ni “darn”; ní Amẹ́ríkà ni ó ti jáde ní ìparí àwọn ọdún 1700. Orúkọ Ọlọ́run ni “gosh” àti “golly” ń yẹra fún. Ti Jésù ni “gee”. Ọ̀run àpáàdì ni “heck”. “Zounds” tí àwọn ará ìgbàanì ń wí, ọgbẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n fi ń búra. Òfin Mẹ́wàá ni ó ka pípe orúkọ Olúwa lásán léèwọ̀. Ní ọdún 1606, àwọn aṣòfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bu £10 lé òṣèré tí ó bá fi orúkọ náà ṣẹ̀fẹ̀ lórí ìtàgé.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ta ni ń pe ejò lórúkọ lóru? Okùn ni à ń pè é. Nígbà tí àrùn ìgbóná ṣì ń jà, kí àjọ ìlera àgbáyé tó kéde ní ọdún 1980 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀, Olóde ni àwọn baba wa ń wí. Wọn kì í dárúkọ Ṣọ̀pọ̀ná. Ọba kì í kú, ó ń wàjà ni. Ìbẹ̀rù ni ti ejò, ọ̀wọ̀ ni ti ọba, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ìtumọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún. Àdàpè kò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ó kàn ń fi hàn pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ rántí èèwọ̀ ni.

Ibí yìí gan-an ni ẹjọ́ mi ti wó. Nígbà tí mo bi àwọn ọmọ náà, inú fíìmù ni àwọn méjèèjì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Èkíní kò mọ̀ pé ègún ni. Èkejì kò mọ̀ pé òun ń yẹra fún ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ ni a yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, a kò yá èèwọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ìwà ọmọlúwàbí tí mo rò pé mo rí lára ẹnì kan, tí mo sì fi àìní rẹ̀ jẹ ẹnì kejì níyà, kò sí lára ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ní ọjọ́ kejì, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n pè é ní àṣìṣe kékeré. Mo wá àdàpè fún un títí, n kò rí. Ìrẹ́jẹ ni.