Bàbá Goku

Ní wọ́ọ̀dù wa níbí ní Manchester, ohun tí nọ́ọ̀sì kò bá kọ sílẹ̀, kò ṣe é nìyẹn. Irú òfin bẹ́ẹ̀ lọmọ mi ń lò fún Dragon Ball, kátúùnù àwọn ará Japan: ohun tí Akira Toriyama, tó ni ìtàn náà, bá yà sínú ìwé nìkan lòótọ́. Àfikún lásán ni ìyókù.

Mo ní, "Bardock, bàbá Goku, wá ńkọ́?" Fíìmù tẹlifíṣọ̀n ni ìtàn rẹ̀ ti jáde ní 1990, kì í sì í ṣe Toriyama ló kọ ọ́. Ó wò ó, ó fẹ́ràn rẹ̀, ló bá yà á sínú ìwé tirẹ̀. Àfikún di òótọ́.

Ọmọ mi dákẹ́. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé lóòótọ́ ni Dádì máa ń kọrin fún mi?"

Ọmọ ọdún kan ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Èmi ni mo fi orin kún un. Ńṣe lọkọ mi máa ń gbé e sáyà, tí á máa rìn kiri pálọ̀ títí á fi sùn. Mo jẹ́wọ́ fún un.

Ó ní, "Ẹ má yọ orin yẹn o. Ẹ ṣáà fọwọ́ sí i pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."