Kókó Etí Aago ní Moshie Zongo

Nínú gbogbo ohun tó wà lára aago ọwọ́, kókó tó wà létí rẹ̀ ni ọwọ́ wa ń kàn jù, òun náà la kì í sì í wò. Kókó aago ọkùnrin kì í sábà fẹ̀ ju mílímítà 5 sí 7 lọ. Wọ́n gé eyín wínníwínní yí i ká kí ìka lè rí i dì mú, àwọn iléeṣẹ́ mìíràn a sì tẹ àmì wọn sí i lórí. Ohun tí ojú ń rí kò ju ìyẹn lọ. Ẹ wá fà á síta díẹ̀, kí ẹ dojú ẹ̀gbẹ́ aago náà kọ ìmọ́lẹ̀: ẹ ó rí páìpù kan tó yọrí síta lára aago, tó rí bí ìdí ìyẹ́ ẹyẹlé tí wọ́n gé. Inú páìpù yìí ni ọ̀pá irin tó so mọ́ kókó ń gbà wọlé lọ bá ẹ̀rọ. Inú kókó fúnra rẹ̀ ni òrùka rọ́bà dúdú kan jókòó sí, òun ló ń di ọrùn páìpù mú kí omi má ráàyè. Irin àti gíláàsì ló dí ara aago yòókù pa, wọn kì í sì í kúrò lójú kan. Ibí yìí nìkan ni wọ́n ti lu ihò tí ohun kan ń yí nínú rẹ̀, tí a ń fà, tí a sì ń tì. Bí aago bá ń mu omi, ibẹ̀ ni ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ fojú sí.

Ní Moshie Zongo ní Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana, aago àti omi kì í jìnnà síra. Àwọn Mossi, tí ilẹ̀ wọn wà ní Burkina Faso lónìí, ni wọ́n fi orúkọ wọn pe àdúgbò náà, ṣùgbọ́n bíi ti àwọn zongo yòókù, ìyẹn àdúgbò àwọn àlejò, ní Kumasi, oríṣiríṣi ẹ̀yà ló ń gbé ibẹ̀, èdè Hausa sì ni wọ́n fi ń gbọ́ra wọn yé. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù. Ẹni tó bá ń ṣe àlùwàlá fún Àsùbáà, Àyìlá, Àlàásárì, Mọ̀gàríbì àti Ìṣáì, bó bá tiẹ̀ fi àlùwàlá kan kírun méjì, omi á ti kan ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá lọ́pọ̀ ìgbà kó tó sùn. Ẹ wo ọkùnrin tó lóṣòó ti kẹ́tùrù oníke. Ó ká apá aṣọ sókè. Àwọn kan á bọ́ aago sápò. Àwọn kan á tì í gòkè lọ sápá títí okùn rẹ̀ á fi há. Àwọn mìíràn kò ní bọ́ ọ rárá, wọn á kàn máa mì ín síwá sẹ́yìn kí omi lè dé awọ abẹ́ rẹ̀, nítorí àlùwàlá kò pé bí ibì kan bá gbẹ. Mímì yẹn gan-an ni kókó kì í fẹ́: ó ń gbo ẹ̀yìn ọwọ́, ó ń yẹ̀ lórí páìpù, omi sì ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

“Wọ́tà rísísìtì ni,” ni olówó aago á wí, á sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí yín kí ẹ ka mítà 30 tí wọ́n fín sí i. Wọ́n fín in lóòótọ́. Ìfúnpá 3 bar tí irú aago bẹ́ẹ̀ lè gbà nígbà tí rọ́bà rẹ̀ ṣì tuntun ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Òjò àti omi ìfọwọ́ ló wà fún, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n gbé e wọ odò. Rọ́bà ọ̀hún sì ń gbó. Ó ń gbẹ, ó ń sán, ọṣẹ ń jẹ ẹ́, eruku ọyẹ́ tó bá bá òógùn pàdé ní ọrùn páìpù á sì máa yún un bíńtín-bíńtín nígbàkígbà tí wọ́n bá yí kókó.

Nígbà kan, aago kò ní kókó yìí rárá. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń wáìnì í, bí kọ́kọ́rọ́ bá sì sọnù, wàhálà dé. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Adrien Philippe, ló gbé aago tí kókó ń wáìnì lọ sí ìpàtẹ ńlá ìlú Paris ní 1844; ibẹ̀ ni òun àti Patek, oníṣòwò aago, ti pàdé, orúkọ àwọn méjèèjì ṣì wà pa pọ̀ lójú aago títí dòní. Ó gbà wá lọ́wọ́ kọ́kọ́rọ́, ó sì fi ihò sílẹ̀ fún wa létí aago. Ó di 1926 kí Rolex tó gbé Oyster jáde, èyí tí kókó rẹ̀ ní tírẹ́ẹ̀dì tí a fi ń yí i mọ́ páìpù pinpin. Ní October 1927, òmùwẹ̀ obìnrin kan, Mercedes Gleitze, gbé ọ̀kan kọ́rùn nígbà tó wọ òkun tó wà láàárín Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lúwẹ̀ẹ́ kọjá. Otútù kò jẹ́ kó wẹ̀ ẹ́ dé òdìkejì, ṣùgbọ́n aago ń ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀, Rolex sì gba odindi ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn Daily Mail láti fi kéde rẹ̀.

Oríṣi ikú méjì ni kókó ń kú. Ikú àárẹ̀ ni ti àkọ́kọ́. Aago tí a ń fọwọ́ wáìnì kì í sábà lò ju wákàtí 36 sí 40 lọ kó tó dúró, nítorí náà ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yí kókó rẹ̀. Irú rẹ̀ ló wọ́pọ̀ láyé àwọn bàbá wa tó ń ṣòwò ní Kumasi, kí àṣẹ tí ìjọba Busia ní Ghana pa fún àwọn àjèjì ní 18 November 1969 tó lé ọ̀pọ̀ wọn pa dà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìnísà àti Èjìgbò. Eyín kókó bẹ́ẹ̀ á jẹ títí á fi dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, ihò páìpù á sì gbòòrò sí apá kan. Ikú kejì ni ti àìfọwọ́kàn. Ní 25 December ọdún kan náà yẹn, nígbà tí àwọn tí wọ́n lé kò tíì fìdí kalẹ̀ nílé, Seiko gbé Astron sórí àtẹ ní Tokyo, aago ọwọ́ quartz àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún gbogbo ayé. Bátìrì gba iṣẹ́ wíwáìnì lọ́wọ́ kókó. Irú aago yìí lè lo ọdún kan gbáko lọ́wọ́ olówó rẹ̀ kó máà rántí fà á, pàápàá ní Ghana níbi tí wọn kì í sún aago síwá sẹ́yìn bí wọ́n ti ń ṣe ní Yúróòpù. Òógùn á dá sí ọrùn kókó. Idẹ tó wà lábẹ́ ohun dídán tí wọ́n fi bò ó á yọ àwọ̀ ewé. Lọ́jọ́ tí bátìrì bá tán tí ẹ ní kí ẹ tún aago tò, kókó á bá ọwọ́ yín wá, ọ̀pá á ṣẹ́kù sínú. Seiko 5, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1963, tí àwọn ọkùnrin ilẹ̀ wa mọ̀ bí ẹni mowó, wà láàárín méjèèjì: mímì ọwọ́ ló ń wáìnì í, kókó rẹ̀ sì fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà 4 níbi tí kò ti ní gún ẹ̀yìn ọwọ́. Lójú tèmi, wọn ì bá ti gbé gbogbo kókó síbẹ̀.

Tábìlì atún-aago-ṣe nínú zongo ṣe é gbé lọ lórí bí òjò bá ṣú. Àpótí onígíláàsì wà lórí rẹ̀, agbòòrùn wà lókè. Okùn aago, bátìrì nínú páálí wọn, àti àwọn aago tí olówó wọn kò pa dà wá mọ́ ló kún àpótí. Ẹ má wo ìyẹn. Ẹ wo agolo tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, èyí tó kún fún kókó: aláwọ̀ wúrà tó ti ṣí, aláwọ̀ fàdákà, èyí tó pẹlẹbẹ, èyí tó yọ ikùn, tí wọ́n tú lára òkú aago. Agolo yẹn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gan-an.

“Bàbá, ẹ bá mi wo kókó yìí, omi ń wọ̀ ọ́.”

Bàbá há awò sójú kan. Ó yí kókó sẹ́yìn, ó fà á, ó ṣí ẹ̀yìn aago, ó fi orí abẹ́rẹ́ tẹ ojú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, kókó àtọ̀pá sì yọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ló mú abẹ́rẹ́ mìíràn, ó tì í bọnú páìpù láti ìta, ó sì rọra mì í. Páìpù bá abẹ́rẹ́ mì.

“Ọmọ mi, kókó kọ́. Ìdí páìpù ti yẹ̀.”

Ṣé èèyàn lè ṣe é fúnra rẹ̀? Bó bá jẹ́ kókó nìkan ni, mo ní kí ẹ dán an wò, lórí aago tí ẹ kò ní sunkún rẹ̀. Kókó tuntun máa ń wá pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀. Ẹ wọn páìpù kí ẹ tó rà á, nítorí kókó tí wọ́n ṣe fún páìpù mílímítà 2 kò ní wọ ti 2.5, èyí tó bá sì gbòòrò jù á kàn dé e lórí bí àgbà tó dé fìlà onífìlà, omi á máa wọlé lábẹ́ rẹ̀. Tírẹ́ẹ̀dì ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ bára mu, mílímítà 0.90 ló wọ́pọ̀ lára ọ̀pọ̀ aago Japan àti Switzerland. Bí ẹ bá ń lo ọ̀pá tuntun, gígùn ló máa ń wá, ẹ̀yin lẹ ó gé e. Ẹ gé díẹ̀, ẹ fi fáìlì yún un, ẹ dán an wò, ẹ tún yún un. Ọ̀pá tó gùn jù kò ní jẹ́ kí kókó jókòó. Èyí tó kúrú jù ti di nǹkan àsọnù. Lára aago àtijọ́, ìdè kékeré ló di ọ̀pá mú dípò ojú tí a ń tẹ̀. Ẹ tú u ní ìlàjì, ẹ fa ọ̀pá wò, ẹ tún tú u díẹ̀. Ẹni tó bá tú u kọjá bó ṣe yẹ, irin tí ìdè náà dì mú á já sábẹ́ ojú aago, ìgbà yẹn lẹ ó wá tú ọwọ́ aago àti ojú rẹ̀ kí ẹ tó lè rí i mú pa dà. Rọ́bà náà fẹ́ gíríìsì sílíkóònù. Básílínì máa ń mú kí àwọn rọ́bà kan wú.

Páìpù ni mo ní kí ẹ jọ̀wọ́ fún ẹni tó ń fi ṣiṣẹ́ jẹun. Èyí tí wọ́n tẹ̀ bọ ihò, ẹ ní láti kó gbogbo ẹ̀rọ jáde kí ẹ tó fà á, nítorí ìyẹ̀fun irin tó bá já bọ́ sáàárín àwọn eyín ẹ̀rọ kò ní jẹ́ kó sáré mọ́. Bí ẹ bá fi pílásì wọ́ ọ, ihò ara aago á di gbọọrọ, kò sì sí páìpù tuntun tó máa dúró gbọn-in níbẹ̀ láìsí gíọ̀mù. Èyí tó ní tírẹ́ẹ̀dì, irin iṣẹ́ kan wà tí eyín rẹ̀ bá eyín inú páìpù mu, òun nìkan ló yẹ ká fi tú u. Àwọn tí kò ní i máa ń gbá ìrù fáìlì wọ̀ ọ́, wọ́n á sì ya á. Bí páìpù bá wọ́ díẹ̀ báyìí, ọ̀pá á máa gbo ara rẹ̀, tírẹ́ẹ̀dì kókó á sì gun ara wọn. Ẹlòmíràn á ní Suame Magazine wà ní Kumasi níbí, kí wọ́n bá òun yí páìpù lórí ẹ̀rọ níbẹ̀. Irin mọ́tò ni ọwọ́ àwọn yẹn mọ̀. Níbi páìpù aago, ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà ti pọ̀ jù.

Ẹ má kàn gbé aago sílẹ̀ lọ o. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì ní kí wọ́n kó kókó àti páìpù àtijọ́ lé yín lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ kókó onítírẹ́ẹ̀dì, ẹ ti ilé kọ́ bí a ṣe ń dè é: ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó já sí ojú rẹ̀, kí ẹ tó wá yí i síwájú. Ẹni tó bá ń fi agbára yí i síwájú lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò jẹ páìpù tuntun yẹn run.

Ká ní atún-aago-ṣe náà kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán aago wò, oòrùn Kumasi wà. Kí wọ́n tẹ́ aago síbẹ̀ títí gíláàsì rẹ̀ á fi gbóná dáadáa, kí wọ́n wá kán omi tútù láti inú píọ̀ wọ́tà sí i lójú, kí wọ́n fi sílẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n nù ún. Bí ìrì bá hàn nínú gíláàsì níbi tí omi náà wà, ọ̀rinrin ti wà nínú. Ó lè jẹ́ páìpù, ó lè jẹ́ rọ́bà ẹ̀yìn aago tí kò pààrọ̀ nígbà tó ṣí i, ó sì lè jẹ́ omi àná tí kò jẹ́ kó gbẹ kó tó dé e. Kó tún un ṣí lójú yín kí ẹ tó sanwó.