Ààfin Àtijọ́ Tí Ó Wà Láàrin Àkúrẹ́

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wa ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ yìí, ó wù mí láti sọ̀rọ̀ nípa ilé kan tí ó dàgbà jù ú lọ: ààfin àtijọ́ Déjì ti Àkúrẹ́.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń ná Ọjà Ọba kò mọ bí ilé náà ti pẹ́ tó. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Aṣọdẹbóyèdé, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ni ó tẹ Àkúrẹ́ dó, a sì máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ààfin náà sí nǹkan bí ọdún 1150. Àgbàlá rẹ̀ ju 15 lọ. Uà ni wọ́n ń pè wọ́n, olúkúlùkù sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Uà Ìkómọ wà fún ìsọmọlórúkọ, Uà Ùbúra sì wà fún ìbúra. Ilé kan náà ni a ti ń gba ọmọ tuntun, òun náà ni a sì ti ń wá òtítọ́ lẹ́nu àgbà. Lónìí, ààfin ìgbàlódé ti wà nínú ọgbà kan náà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ńlá ìjòyè kan wà ní Minster Lovell tí a kọ́ ní àwọn ọdún 1430. Òrùlé rẹ̀ ti lọ tipẹ́, síbẹ̀ púpọ̀ nínú ògiri òkúta rẹ̀ ṣì dúró. Ilé amọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìpele-ìpele ni a ń mọ ọ́n. Ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Bí òrùlé bá ń jò tí ẹnikẹ́ni kò tún un ṣe, òjò yóò sọ ọ́ di ilẹ̀ padà. Bí ilé amọ̀ bá pẹ́, kì í ṣe agbára ẹni tí ó kọ́ ọ nìkan. Ìran kọ̀ọ̀kan ni ó gun òrùlé náà.

Àwọn ọmọ ìjọ a máa bi mí pé kí ni ìránṣẹ́ Ọlọ́run ń wá nínú ilé tí a ti bọ òrìṣà rí. Èsì mi ni pé ìmọ̀ ìtàn kì í ṣe ìbọ̀rìṣà. Ìhìnrere kò bá ilẹ̀ wa ní òfìfo. Nígbà tí Charles Phillips bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oǹdó, ìlú mi, ní 1877, ìlú tí ó ní ọba, ìjòyè àti òfin ni ó bá. Nehemáyà pàápàá kọ́kọ́ yí odi Jerúsálẹ́mù ká lóru, ó wo ibi tí ó ti wó, kí ó tó pe àwọn ènìyàn sí iṣẹ́.

Ilé àkọ́kọ́ tí ó wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa náà ti ń jò. Àwọn kan ní kí á wó o, kí á kọ́ gbọ̀ngàn tuntun sí àyè rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, kí á kọ́kọ́ yí i ká bí Nehemáyà. Ibòmíràn wà tí gbọ̀ngàn lè gbà, ṣùgbọ́n ilé àkọ́kọ́ kò ní ìkejì. Bí ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde kọ̀ọ̀kan bá gba ìwọ̀n páànù díẹ̀ tọ́jú, kò ní wọ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí òrùlé náà wó lójú wa. Àmín.