Makírò Ń Rìn, Láíbírì Kì í Bá A Lọ

(Akin, awọnlẹ̀ ní Ìbàdàn, ń bá Ṣadé àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣadé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú Enschede ní Netherlands, níbi tó ti kọ́ iṣẹ́ màápù.)

AKIN: Ṣadé, wá bá mi wo nǹkan yìí. Mo kọ makírò kan, kóòdù Python kékeré, sínú iṣẹ́ QGIS tí mo fi ń ya màápù. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé bí mo bá ti tọ́jú iṣẹ́ báyìí, kó bá mi gbé ìjábọ̀ Word jáde: orúkọ onílẹ̀, nọ́ńbà àwọn pílà, ìwọ̀n ilẹ̀. QGIS ní òun kò rí láíbírì tó ń jẹ́ docx. Bẹ́ẹ̀ mo ti fi pip gbé e sórí kọ̀ǹpútà yìí, ó sì sọ fún mi pé ó ti wọlé.

ṢADÉ: Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá mi. Inú ibo lẹ ti pa àṣẹ pip yẹn?

AKIN: Inú fèrèsé dúdú Windows náà ni. Ṣé ó tún níbòmíràn ni?

ṢADÉ: Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Python méjì ló wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín gbé ọ̀kan sí i. QGIS ló gbé ìkejì dání wá, ó sì fi í sínú fódà tirẹ̀. Ẹrù tí ẹ rà ti dé, àmọ́ ilé aládùúgbò ni wọ́n já a sí.

AKIN: Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti QGIS?

ṢADÉ: Ẹ tẹ Ctrl, Alt àti P pọ̀ nínú QGIS. Fèrèsé Python á ṣí. Ẹ kọ import sys, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ print(sys.prefix). Fódà tó bá dárúkọ ni ilé Python rẹ̀.

AKIN: Ó parí sí apps, Python312. Ẹ̀dà 3.9 ni tèmi tí mo gbé sí i. Ó dáa, ká kàn da fódà docx kọ láti ibẹ̀ síbí, ọ̀rọ̀ parí.

ṢADÉ: Kò ní parí. Láíbírì yìí kò dá dúró, ó gbára lé òmíràn tó ń jẹ́ lxml, èdè C ni wọ́n sì fi kọ apá kan nínú ìyẹn. Ẹ ṣí fódà lxml wò, ẹ ó rí fáìlì kan tí wọ́n kọ cp39 mọ́ lórúkọ. Python 3.9 nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Python 3.12 kò ní fọwọ́ kàn án. Fèrèsé tó ń jẹ́ OSGeo4W Shell bá QGIS wá. Ẹ ṣí i pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó, nítorí inú Program Files ni fódà yẹn wà, kí ẹ kọ: python -m pip install python-docx.

AKIN: Ṣé kì í ṣe docx ni mo máa kọ ni?

ṢADÉ: Nínú makírò, import docx lẹ ó kọ. Fún pip, python-docx ni. Docx lásán tó wà níbẹ̀ ti gbó, ayé Python 2 ni wọ́n ti kọ ọ́. Tí ẹ bá gbé ìyẹn, ẹ ó máa gbọ́ pé Python kò rí exceptions.

AKIN: Gbogbo wàhálà yìí! Kí ló dé tí n kò kúkú kọ kóòdù náà fúnra mi? Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ fẹ́ràn kí ẹ máa gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn rù.

ṢADÉ: Bọ̀dá, QGIS fúnra rẹ̀ ńkọ́? Gary Sherman bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2002, orí láíbírì àwọn ẹlòmíràn ló sì dúró lé. GDAL ló ń bá a ka fáìlì. Frank Warmerdam ló bẹ̀rẹ̀ ìyẹn ní 1998. PROJ ló ń yí àwọn nọ́ńbà pílà yín padà láti Minna, ètò ìwọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà, sí WGS 84 tí GPS ń lò. Ṣé ẹ lè jókòó kọ PROJ?

AKIN: Ìyẹn yé mi. Tí èèyàn bá mú nọ́ńbà UTM 31 ti Minna níbí, tó kà á sí ti WGS 84 láìyí i padà, pílà á fi ju 100 mítà lọ kúrò lójú ibi tó wà. 100 mítà ní Ìbàdàn yìí, ilẹ̀ ìdílé mìíràn ni, ilé ẹjọ́ ló máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀. N kò ní fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ n kò ní gba èsì rẹ̀ gbọ́ títí n ó fi yẹ̀ ẹ́ wò lórí pílà tí mo mọ̀ dájú.

ṢADÉ: Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Iṣẹ́ yín tí ẹnikẹ́ni kò lè bá yín ṣe ni yíyẹ̀wò.

AKIN: Àṣẹ náà ti parí. Jẹ́ n tọ́jú iṣẹ́ wò… Ó ti jáde! Wò ó, tábìlì pílà rèé. Mo máa fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi ní Ọ̀yọ́ lónìí.

ṢADÉ: Ẹ dúró ná. Inú fáìlì qgz yẹn ni makírò wà, torí náà á bá a dé Ọ̀yọ́. Docx kò sí nínú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín láàárọ̀ ló máa ṣẹlẹ̀ sí wọn. Àtipé QGIS á kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá kí òun jẹ́ kí makírò ṣiṣẹ́. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú. Makírò lè pa fáìlì rẹ́, ó lè ka ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba ti ẹni tí kò mọ̀ láàyè.

AKIN: Dátà kò tó nǹkan lọ́dọ̀ wọn.

ṢADÉ: Ẹ fi pip download kó python-docx àti gbogbo ohun tó gbára lé sínú fódà kan, kí ẹ gbé e sórí fúláàṣì. Lọ́hùn-ún, wọ́n á fi --no-index àti --find-links gbé e sí i láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀dà Python inú QGIS tiwọn ní láti bá tiyín mu. Ohun kan tí mo bẹ̀ yín sí: tí pip bá ní òun fẹ́ pààrọ̀ láíbírì numpy inú QGIS, ẹ má gbà. Nígbà tí NumPy 2.0 jáde ní 2024, ọ̀pọ̀ láíbírì tí wọ́n kọ́ lé ẹ̀dà 1 lórí ló dẹnu kọlẹ̀.

AKIN: Tí mo bá wá gbé QGIS tuntun wá ńkọ́?

ṢADÉ: Fódà tuntun, Python tuntun. Ẹ ó tún gbé docx sí i.

AKIN: A jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀, nítorí n kò lè rántí gbogbo èyí.

ṢADÉ: Ẹ ṣe fáìlì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ màápù: ẹ̀dà QGIS, ẹ̀dà Python, orúkọ láíbírì àti ẹ̀dà rẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ tí ẹ fi gbé e. Kí ẹ sì fi import docx sínú saveProject, iṣẹ́ inú makírò tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá tọ́jú, sábẹ́ try, kó lè sọ ohun tó kù fún ẹni tí kò bá ní in.

AKIN: Ó dáa. Láti òní lọ, ọmọ iṣẹ́ tó bá gbé màápù tó ní makírò wá bá mi láìsí fáìlì yẹn, n kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.